Ta Ni Ń Tẹ Ìwé Òfin Tí A Fi Ń Pín Ilẹ̀ Wa?

Àwọn kan nínú àwọn olùkà wa yóò bi wá léèrè pé kí ni ó kan Ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ láti tọ́jú èdè àti àṣà Yorùbá nínú ọ̀ràn ìwé tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n òfin ń kọ sí ara wọn ní Òkè Òkun. Wọn yóò ní kí a padà sí ọ̀rọ̀ oríkì, ọ̀rọ̀ oyè àti ọ̀rọ̀ àkọtọ́, kí a sì fi òfin tí ó wà láàárín orílẹ̀-èdè àti orílẹ̀-èdè sílẹ̀ fún àwọn lọ́yà. A gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ wà nínú ẹjọ́ kò lè wí pé ìwé ẹjọ́ kò kan òun. Ohun tí a fẹ́ fi yé ẹ̀yin olóyè wa àti ẹ̀yin ọ̀làjú ìlú ni pé nínú ẹ̀ka òfin yìí, ju ẹ̀ka mìíràn lọ, ìwé tí a tẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. Àwa sì ti jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn máa tẹ̀ ẹ́ fún wa, kí wọ́n máa tà á fún wa, kí wọ́n sì máa tọ́jú rẹ̀ síbi tí ọwọ́ wa kò tó.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí òfin fúnra rẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé tí ó wà ní Hague ní ilẹ̀ Netherlands ní ìwé ìlànà kan tí a ṣe ní 1945, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ̀dà ìwé ìlànà ti ilé ẹjọ́ tí ó ṣáájú rẹ̀, tí a ṣe ní 1920. Abala 38 ìwé náà ni ó sọ ibi tí àwọn adájọ́ yóò ti máa wá òfin. Wọn yóò wo àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè bá ara wọn ṣe. Wọn yóò wo àṣà tí àwọn orílẹ̀-èdè ti ń tẹ̀lé tí wọ́n sì gbà bí òfin. Wọn yóò wo àwọn ìlànà gbogbogbò tí àwọn orílẹ̀-èdè ọ̀làjú tẹ́wọ́ gbà. (Àwa kọ́ ni a fi ọ̀rọ̀ ‘ọ̀làjú’ yìí kún un, ó wà nínú ìwé náà títí di òní, kò sì sí ẹni tí ó tíì pa á rẹ́.) Ní ìkẹyìn, gẹ́gẹ́ bí ìrànlọ́wọ́, wọn yóò wo ìdájọ́ àtẹ̀yìnwá, àti ẹ̀kọ́ àwọn òǹkọ̀wé òfin tí ìmọ̀ wọn jinlẹ̀ jùlọ láti inú onírúurú orílẹ̀-èdè.

Ẹ kíyèsí ìkẹyìn yìí dáradára. Ní ilé ẹjọ́ tiwa ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn, lọ́yà lè ka ìwé ọ̀jọ̀gbọ́n kan sí adájọ́ létí, kí adájọ́ sì ṣe é bí ó ti wù ú. Ṣùgbọ́n ní Hague, ìwé ìlànà ilé ẹjọ́ fúnra rẹ̀ ni ó pe òǹkọ̀wé wọlé tí ó sì fún un ní àga. Ẹni tí ó bá mọ ààfin Ọ̀yọ́ yóò tètè mọ irú ènìyàn tí èyí jẹ́. Àwọn arókin ni a ń bi léèrè níbẹ̀ nígbà tí ọ̀ràn àtijọ́ bá dé: ta ni ó jẹ ṣáájú ta ni, ìlú wo ni ó sìn, ìlú wo ni kò sìn rí. Àwọn òǹkọ̀wé òfin ni arókin Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé. Bí ọ̀rọ̀ bá sì rí bẹ́ẹ̀, kò ha yẹ kí a béèrè ẹni tí ń bọ́ arókin náà, ẹni tí ó kọ́ ọ ní ìtàn, àti ilé tí ó jókòó sí tí ó ń sọ ọ́?

A mọ ohun tí àwọn amòfin wa yóò fi dá wa lóhùn. Wọn yóò ní Ilé Ẹjọ́ náà kì í sábà dárúkọ òǹkọ̀wé nínú ìdájọ́ rẹ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣí ìwé tí àwọn adájọ́ kọ̀ọ̀kan fi ń ṣàlàyé èrò tiwọn lẹ́yìn ìdájọ́, wọn yóò bá orúkọ òǹkọ̀wé níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Kí wọ́n sì wo ìwé tí àwọn lọ́yà ìhà méjèèjì ń kó síwájú ilé ẹjọ́. Adájọ́ tí kò dárúkọ olùkọ́ rẹ̀ kò tíì wí pé òun kò ní olùkọ́. Àwọn tí wọ́n sì ti ka àwọn orúkọ wọ̀nyí jọ ti fi hàn pé ọkùnrin láti àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn ni ó pọ̀ jùlọ nínú wọn. Ìwé ìlànà wí pé láti inú onírúurú orílẹ̀-èdè. Pẹpẹ ìwé wí ohun mìíràn.

Bí ó ti ṣe rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ní 1869 ni Asser ará Netherlands, Rolin-Jaequemyns ará Belgium àti Westlake ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ìwé àtìgbàdégbà àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún òfin àárín orílẹ̀-èdè, ní èdè Faransé. Ní 1873, àwọn amòfin 11 péjọ ní ìlú Ghent, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé òfin sílẹ̀. Ní 1884 sí 1885, àwọn ìjọba Yúróòpù jókòó ní Berlin lórí ọ̀ràn ilẹ̀ Áfíríkà, láìsí ọmọ Áfíríkà kan ṣoṣo ní ìdí tábìlì. Ẹ wo bí wọ́n ti tò tẹ̀lé ara wọn: ìwé ni ó ṣáájú, ẹgbẹ́ ọ̀mọ̀wé tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni a yọ ọ̀bẹ tí a fi pín ilẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn 11 náà ni James Lorimer, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Edinburgh. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1883 àti 1884, ó pín gbogbo ọmọ aráyé sí ipò mẹ́ta: àwọn ọ̀làjú, àwọn tí kò tíì lajú tán, àti àwọn ẹhànnà. Yúróòpù ni ó fi síwájú. Tọ́kì, Páṣíà, Ṣáínà àti irú wọn ni ó fi sí ipò kejì. Gbogbo àwọn tí ó ṣẹ́kù, àwa pẹ̀lú wọn, ni ó kó sí ipò kẹta. Westlake tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan tẹ ìwé tirẹ̀ ní 1894, ó sì kọ́ni níbẹ̀ pé òfin àárín orílẹ̀-èdè kò ní ohun kan í ṣe pẹ̀lú ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ tí kò lajú. Ẹ̀rí-ọkàn ìjọba tí ó bá gbà wọ́n ni ó kù tí yóò máa ro tiwọn. Àwọn ìwé wọ̀nyí ni a fi kọ́ àwọn tí wọ́n di adájọ́, aṣojú ìjọba àti akọ̀wé iléeṣẹ́ amúnisìn.

Kí sì ni àwọn ‘ẹhànnà’ ń ṣe ní àkókò kan náà? Ní 1886, Aláàfin Ọ̀yọ́, Ìbàdàn, Èkìtìparapọ̀, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti àwọn mìíràn fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn láti parí ogun Kírìjì, tí wọ́n ti ń jà láti 1877. Wọ́n to ọ̀ràn òmìnira ìlú kọ̀ọ̀kan, ọ̀ràn Modákẹ́kẹ́ àti títú ibùdó ogun ká lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n sì ní ikọ̀ tí ń gbé ọ̀rọ̀ láti ibùdó kan dé èkejì, tí Àlùfáà Samuel Johnson wà lára wọn. Bí èyí kì í bá ṣe òfin àárín orílẹ̀-èdè, a kò mọ ohun tí à ń pè ní orúkọ náà. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé àtìgbàdégbà òfin ní Ọ̀yọ́, kò sì sí ní Ìbàdàn.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni èyí, kí ó bá wa lọ sí Bakassi. Ní 10 Oṣù Kẹsàn-án 1884, àwọn ọba àti ìjòyè Calabar Àtijọ́ bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìwé àdéhùn, Gẹ̀ẹ́sì sì ṣe ìlérí nínú rẹ̀ pé òun yóò dáàbò bò wọ́n. Ní 11 Oṣù Kẹta 1913, Gẹ̀ẹ́sì kan náà jókòó pẹ̀lú Jámánì, wọ́n fa ààlà, ààlà náà sì gbé Bakassi sí ìhà Kamẹrúùnù tí ó wà lọ́wọ́ Jámánì. Nígbà tí Kamẹrúùnù gbé ẹjọ́ lọ sí Hague ní 1994, ìbéèrè ńlá kan tí ó wà nílẹ̀ rọrùn débi pé ọmọdé lè bi í: ẹni tí a ní kí ó bá wa ṣọ́ ilé, ǹjẹ́ ó lè mú ilé náà tọrẹ? Nàìjíríà ní kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní, kò lè fi fún ẹlòmíràn.

Ní 10 Oṣù Kẹwàá 2002, àwọn adájọ́ 13 nínú 16 dá a fún Kamẹrúùnù. Kí àwọn olùkà wa fetí sí ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀. Láti mọ irú ìwé tí ìwé 1884 jẹ́, Ilé Ẹjọ́ náà lọ mú ọ̀rọ̀ Max Huber ará Switzerland wá, ẹni tí ó dá ẹjọ́ láàárín Netherlands àti Amẹ́ríkà ní 1928 lórí erékùṣù Palmas, ní àgbègbè Filipínì. Huber ti wí níbẹ̀ pé irú àdéhùn tí ìjọba amúnisìn bá olórí ọmọ ilẹ̀ ṣe kì í ṣe àdéhùn láàárín ẹgbẹ́ àti ẹgbẹ́. Ètò inú ilé ni, tí amúnisìn fi ń ṣe àkóso ilẹ̀ tirẹ̀ nípa fífi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a sọ nítorí erékùṣù kan ní ìlà-oòrùn ayé ni ó rìn fún ọdún 74 nínú ìwé títẹ̀, láti ọwọ́ olùkọ́ dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́, títí ó fi wá bá àwọn ọba Calabar nínú ibojì wọn. Kò sí ọba Calabar kan tí ó mọ̀ pé òun ń ṣe ‘ètò inú ilé’ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ó fi ọwọ́ sí ìwé.

Ohun tí ó dùn wá jù lọ nínú ìdájọ́ náà kò sí nínú ọ̀rọ̀ Huber. Ilé Ẹjọ́ ní, bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀ abẹ́ ààbò tòótọ́ ni Calabar, ó yẹ kí ìpàdé àti ìjíròrò ti máa wà láàárín àwọn ọba náà àti aláàbò wọn lẹ́yìn 1884. A bi Nàìjíríà léèrè nípa ìpàdé wọ̀nyí. Ìdáhùn Nàìjíríà ni pé a kò rí àkọsílẹ̀ irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, àti pé ó ṣeéṣe kí ìwé tí à bá fi dáhùn ìbéèrè náà má sí mọ́ láyé. Ẹ̀yin olóyè wa, ẹ tún un kà. Orílẹ̀-èdè tí ó tóbi tó tiwa dé iwájú adájọ́, ó sì ní ìwé òun ti sọnù. A kò ní purọ́ pé èyí nìkan ni ó gba Bakassi lọ́wọ́ Nàìjíríà. Ilé Ẹjọ́ náà ka ìdákẹ́ àwọn ọba ní 1913 àti ìdákẹ́ ìjọba tiwa lẹ́yìn òmìnira sí wa lọ́rùn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ta ni ó mọ̀ bí wọ́n ti dákẹ́ tó, nígbà tí kò sí ìwé? Àwọn Yorùbá ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Adájọ́ tí ẹnìkan ṣoṣo mú ìwé wá bá kò ní yíyàn púpọ̀.

Adájọ́ mẹ́ta ni kò fara mọ́ ọn: Koroma ti Sierra Leone, Rezek ti Brazil, àti ọmọ Abẹ́òkúta, olóògbé Bọ́lá Ajíbọ́lá, ẹni tí Nàìjíríà yàn jókòó nínú ẹjọ́ náà. Wọ́n kọ ìdí wọn sílẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà á. A fi ilẹ̀ náà lé Kamẹrúùnù lọ́wọ́ pátápátá ní 2008.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìwé a máa pani nìkan. Ó gba ilẹ̀ sílẹ̀ fún wa rí. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá, tí Olóyè Olúwa Amodu Tijani sì béèrè owó rẹ̀, wọ́n ní ẹ̀tọ́ ìgbowó-orí lásán ni Olóyè ní, kì í ṣe ilẹ̀. Ọ̀ràn náà dé Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Herbert Macaulay bá Olóyè lọ ní 1920, ní 1921 sì ni a dá ẹjọ́ fún un. Lára ohun tí Lord Haldane gbé ìdájọ́ lé ni ìwé tí Rayner, tí ó jẹ́ olórí adájọ́ ní Èkó, kọ ní 1898 nípa bí ilẹ̀ ti rí ní ọ̀dọ̀ wa: pé ilẹ̀ jẹ́ ti ìdílé àti ti ìlú, kì í ṣe ti ẹnìkan. Kò sí ohun tí Rayner kọ tí àwọn baálé Èkó kò ti sọ láti ọdún gbọọrọ. Ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò tó Lọ́ńdọ̀nù. Ó di ìgbà tí òyìnbó kan kọ ọ́ sínú ìwé kí ó tó di ọ̀rọ̀ tí adájọ́ lè gbọ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Rayner. A sì ń bi ara wa pé, bí kò bá kọ ọ́ ńkọ́?

Nínú ẹjọ́ yìí kan náà ni a ti tún gbé ìwé 6 Oṣù Kẹjọ 1861 yẹ̀ wò, èyí tí Ọba Dòsùmú fi àmì sí, tí a fi ní ó fi Èkó fún Gẹ̀ẹ́sì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a fi kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí ògbufọ̀ lò láti fi túmọ̀ ‘fífi ilẹ̀ fúnni’ sí etí ọba kò sí nínú rẹ̀. Bóyá ó ní ‘fún un’, bóyá ó ní ‘yá a’, bóyá ó ní ‘gbà á sí àlejò’, gbogbo olùkà wa ni ó mọ̀ pé ọ̀nà jíjìn ni ó wà láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bẹ́ẹ̀ náà ni àdéhùn 18 Oṣù Kìíní 1893, tí Gómìnà Carter fi ṣe ìlérí fún àwọn Ẹ̀gbá pé a kò ní gba ilẹ̀ wọn láìgba àṣẹ wọn, tí òmìnira wọn sì parí ní 1914 síbẹ̀síbẹ̀. Ẹ lọ sí ilé ìkàwé ìlú yín, kí ẹ béèrè àwọn ìwé méjèèjì, pẹ̀lú àlàyé òfin lórí wọn ní èdè tí ìyá yín lè gbọ́. Kí ẹ sì kọ̀wé sí wa bí ẹ bá rí i.

Ìtàn kan wà tí a fẹ́ kí gbogbo ilé mọ̀. Ní 1897 ni Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, inú rẹ̀ ni ìwé àwọn àdéhùn wa sì wà. Ó fi ránṣẹ́ sí atẹ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé náà sọnù lọ́hùn-ún, Johnson sì kú ní 1901 láì fi ojú kan án ní títẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún gbogbo rẹ̀ kọ láti inú àjákù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀. Ní oṣù kìíní 1916 ni ó fi í ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ tí ń jẹ́ Appam. Ọkọ̀ ogun Jámánì mú Appam lójú òkun, ó sì fi í ránṣẹ́ sí Virginia ní Amẹ́ríkà, tí kò tíì dá sí ogun nígbà náà. Ìwé náà pẹ́ tó ọdún méjì kí ó tó dé ọwọ́ atẹ̀wé. 1921 ni ó sì tó jáde, ọdún 24 lẹ́yìn tí a ti kọ ọ́ tán.

Ohun tí ó mú wa sọ ìtàn yìí níbí ni pé Appam fúnra rẹ̀ di ẹjọ́ ńlá nínú òfin àárín orílẹ̀-èdè. Ní 1917 ni ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé Jámánì kò ní ẹ̀tọ́ láti fi èbúté orílẹ̀-èdè tí kò dá sí ogun ṣe ibi ìkó-ìkógun-pamọ́ sí, pé kí a dá ọkọ̀ àti owó ẹrù rẹ̀ padà fún àwọn tí ó ni wọ́n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ń kọ́ ẹjọ́ náà títí di òní. Wọ́n ń kọ́ nípa ọkọ̀, nípa ẹrù, nípa ẹ̀tọ́ èbúté. Ìdájọ́ náà kò sọ pé ìtàn odindi orílẹ̀-èdè kan wà nínú àpò lẹ́tà inú ọkọ̀ yẹn.

Ẹ wo bí òwò náà ti rí lónìí. Olùkọ́ kan ní yunifásítì wa, tí owó ìlú ń bọ́, yóò fi ọdún kan tàbí méjì kọ ìwé nípa ààlà wa, nípa epo wa tàbí nípa àdéhùn wa. Yóò fi í ránṣẹ́ sí ìwé àtìgbàdégbà ní Oxford, ní Cambridge tàbí ní Leiden. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò yẹ̀ ẹ́ wò láìgba kọ́bọ̀. Wọ́n yóò sábà ní kí ó fi ọwọ́ sí ìwé pé ó ti yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí iṣẹ́ náà fún atẹ̀wé. Lẹ́yìn èyí, bí yunifásítì rẹ̀ bá fẹ́ kà á, yóò san owó. Bí kò bá rí owó san, akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ náà gan-an kò ní rí i kà. Bí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́ kí gbogbo ayé rí i kà lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n lè béèrè owó tí ó ju $2,000 lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn atẹ̀wé kan a máa ṣàánú, wọn a sì dín in kù fún ará ilẹ̀ tálákà. Ṣùgbọ́n irú àgbàṣe wo ni èyí, tí ènìyàn ro oko baba rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tí ó sì ń fi àánú ra iṣu níbẹ̀?

Ìwé ọdọọdún òfin àgbáyé tí ó ń jẹ́ orúkọ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 2018. Springer ní Yúróòpù ni ó tẹ̀ ẹ́. Ìwé àtìgbàdégbà òfin àgbáyé tí ó ń jẹ́ orúkọ Áfíríkà ń jáde láti ọ̀dọ̀ ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Edinburgh, yunifásítì Lorimer kan náà tí ó kó wa sí ipò kẹta. A kò bú àwọn tí wọ́n ń ṣe é. Ọmọ wa ni púpọ̀ nínú wọn, iṣẹ́ wọn sì dára. Ọmọ Èkó náà, Táslìm Oláwálé Elias, ẹni tí ó di Ààrẹ Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní 1982, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò jókòó sí àga náà, Leiden ni a ti tẹ ìwé rẹ̀ lórí ipa Áfíríkà nínú òfin àgbáyé jáde ní 1972. Ó ní ìdí. Ṣùgbọ́n Umozurike tẹ tirẹ̀ lórí òfin àgbáyé àti ìmúnisìn ní Enugu ní 1979, àwọn ọ̀mọ̀wé kárí ayé sì ń tọ́ka sí i di òní. Ìwé tí a tẹ̀ ní Enugu mọ ọ̀nà Hague.

Àwa fúnra wa ni a dá ẹ̀bi yìí sí ara wa lọ́rùn jù. Àwọn ìgbìmọ̀ tí ń gbé olùkọ́ ga ní yunifásítì wa a máa béèrè pé ìwé mélòó ni ó jáde ní Òkè Òkun. A kò tíì gbọ́ kí ẹnìkan béèrè pé ìwé mélòó ni ọba ìlú náà lè rí kà. Wọn yóò ní àwọn ìwé àtìgbàdégbà ilé kò dára. Àwa náà mọ̀. Òmíràn a jáde lẹ́ẹ̀kan, a sùn fún ọdún márùn-ún. Òmíràn a gba ohunkóhun bí owó bá ti bá a wá. Òmíràn wà tí olóòtú rẹ̀ kì í ka ohun tí ó ń tẹ̀. Ẹ̀gbin ni, a kò sì ní fi aṣọ bò ó nítorí pé ti wa ni. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé àtìgbàdégbà tí yóò dára bí gbogbo ẹni tí ó lè kọ ohun rere bá ń kọ ọ́ síbòmíràn. Westlake àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò dúró kí ẹlòmíràn fi ọlá fún ìwé wọn ní 1869. Iṣẹ́ wọn tí ó dára jù ni wọ́n kó sínú rẹ̀.

Nítorínáà, ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Ìgbìmọ̀ Ẹgbẹ́ wa ti pinnu láti tẹ àwọn àdéhùn ilẹ̀ Yorùbá jáde, Yorùbá ní ìhà kan, Gẹ̀ẹ́sì ní ìhà kejì, pẹ̀lú àlàyé amòfin ní ìsàlẹ̀: ti 1861, ti 1886 àti ti 1893 ni yóò ṣáájú. Kò sí ẹni tí yóò gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, a ó sì fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọmọ ilé ìwé ní Ìjẹ̀bú-Òde àti fún adájọ́ ní Hague bákan náà. Amòfin tí ó bá lè ṣe àlàyé, tí Yorùbá rẹ̀ sì jinlẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́. Iṣẹ́ olùyẹ̀wò yóò wà fún ẹni tí ó le koko, nítorí a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní Òkè Òkun rí àṣìṣe kan tí yóò fi rẹ́rìn-ín wa.

Sí ẹ̀yin olóyè ni ẹ̀bẹ̀ wa pọ̀ jù. Nínú ààfin àti nínú ilé olóyè, àpótí wà tí a kò ṣí láti ọjọ́ pípẹ́: lẹ́tà gómìnà, ìwé ààlà, ìwé owó ìfẹ̀yìntì, ìwé ìpàdé tí akọ̀wé ọba kọ. Ikán ń jẹ ẹ́, òjò ń wọ̀ ọ́, ọmọ ilé a sì fa òmíràn ya fi dáná. A kò béèrè pé kí ẹ fún wa. Ẹ jẹ́ kí a wá yà á ní àwòrán lójú yín, kí ẹ sì dá a padà sínú àpótí kí a tó jáde nílé. Kábíyèsí tàbí olóyè tí ó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó rán ọmọ kan sí akọ̀wé Ẹgbẹ́, a ó wá ní ọjọ́ tí ó bá dá fún wa.